Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba hosting fún ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára: ẹ wo orúkọ tí wọ́n fi gbà á kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń múra láti ṣí ṣọ́ọ̀bù lórí ayélujára, mo kọ ìkìlọ̀ yìí nítorí irú àwọn kan tí wọ́n ti pọ̀ lórí WhatsApp àti Instagram, tí wọ́n ń polówó pé owó kan ṣoṣo ni ẹ máa san, pé àwọn á bá yín gba orúkọ ìkànnì (domain), wọ́n á fún yín ní ààyè lórí server, ìyẹn ẹ̀rọ tí ìkànnì ń gbé (òun ni à ń pè ní hosting), wọ́n á sì tún to ọjà sínú ṣọ́ọ̀bù náà fún yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni oníjìbìtì, mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi òótọ́ inú ṣe é. Àmọ́ àwọn ẹni ibi àárín wọn ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá, òun ló sì ń sọ oníṣọ́ọ̀bù di ayálégbé nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́: orúkọ ara wọn ni wọ́n fi ń gba domain yín, ímeèlì tiwọn ni wọ́n sì fi ń ṣí àkáǹtì tó wà ní ìdí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ló mú kí n jókòó kọ èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n júwe fún un ló ṣe ìkànnì rẹ̀. Orúkọ tó parí sí .com ló gbà fún un, WooCommerce, àfikún tó ń sọ ìkànnì WordPress di ṣọ́ọ̀bù, ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù náà, ọjà sì ń tà dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọdún yípo, ọkùnrin náà pe owó ìsọdọ̀tun tó ju owó àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìyá náà ní òun yóò kó ọjà òun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ni ó bá ti ìkànnì pa, ó sì sọ pé òun lòun ni orúkọ náà. Ohun tó dun ni jù ni pé bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ ọkùnrin náà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwòrán ọjà, orúkọ àwọn oníbàárà, títí kan àkọsílẹ̀ àwọn aṣọ tí wọ́n ti sanwó fún ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì rí gbà, gbogbo rẹ̀ há sọ́wọ́ ẹni tí kì í gbé fóònù mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ iye tí ọjà yìí jẹ́, nítorí àìmọ iye owó ló ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ. Verisign ló ń bójú tó gbogbo orúkọ .com lágbàáyé, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ló sì sọ owó tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ fún wa di $10.26 lórí orúkọ kan fún ọdún kan. Ilé-iṣẹ́ náà yóò fi èrè tirẹ̀ lé e, iye náírà yóò sì máa yí padà, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bèèrè ₦200,000 fún ìsọdọ̀tun orúkọ nìkan, láìka hosting mọ́ ọn, owó ìtúsílẹ̀ ẹrú ló ń gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá sọ pé òun ti san owó .com yín títí ayé, ó purọ́, nítorí kò sí ẹni tó lè san ju ọdún 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá sì bu owó ńlá fún ìwé-ẹ̀rí SSL, tó ń mú kí àdírẹ́sì yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ẹ rántí pé láti ìparí ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún ayé ní irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó fún ṣọ́ọ̀bù kékeré.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ ẹni tó ni orúkọ? Fún .com, ẹ lọ sí lookup.icann.org, kí ẹ tẹ orúkọ náà síbẹ̀. Yóò fi ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti gbà á hàn yín pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí. Èyí tó parí sí .ng wà lábẹ́ NiRA, àjọ tó ń ṣàkóso orúkọ ìkànnì Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 2018, tí òfin ààbò ìsọfúnni ti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń bo orúkọ ẹni tó ni .com mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má gba àwòrán tí oníṣẹ́ bá yà ránṣẹ́ sí yín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó wà ni pé kí ẹ fi ímeèlì àti páásìwọ́ọ̀dù tiyín wọlé fúnra yín sí àkáǹtì tí orúkọ náà wà. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ̀yin ra orúkọ àti hosting fúnra yín, kí ẹ wá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní àyè láti wọlé. Oníṣẹ́ tó bá kọ èyí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìpolówó tó ní hosting òun kò lópin náà ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Bí ẹ bá ka àdéhùn wọn dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé iye fáìlì ní gbèdéke, agbára tí ẹ lè lò lórí ẹ̀rọ náà ní gbèdéke, wọ́n á sì dá yín dúró bí ẹ bá kọjá rẹ̀. Ìkànnì tí àwọn ènìyàn kàn ń kà lè fara dà á, nítorí server lè ṣe ojú ewé kan tán kó máa gbé e fún ẹni gbogbo. Ṣùgbọ́n ojú ewé agbọ̀n ọjà àti ti ìsanwó, tuntun ni server gbọ́dọ̀ máa ṣe fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. WooCommerce fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí WordPress ní memory (ààyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) tí kò dín sí 256 MB, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n á fún yín. Ọ̀sẹ̀ tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọjà sì ń yá, ni hosting tí wọ́n ti kó èrò sí jù máa ń dákú.

Lórí ẹ̀dà ìpamọ́ (backup), ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ọgbà server OVHcloud, ilé-iṣẹ́ hosting ńlá kan, ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Ilé tí wọ́n ń pè ní SBG2 jóná tán, àwọn kan sì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní nítorí pé inú ọgbà kan náà ni ẹ̀dà ìpamọ́ wọn wà. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn o, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó yá ààyè lórí server ẹlòmíràn tó sì ń pín in tà. Ẹ máa gba ẹ̀dà tiyín sórí kọ̀ǹpútà yín tàbí Google Drive déédéé.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù ni owó tó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ló fẹ́ràn láti fi owó ránṣẹ́ tààrà sí báńkì, WooCommerce sì ní ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí kó lè hàn sí oníbàárà nígbà tó bá ti bèèrè ọjà tán. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àṣẹ alábòójútó lórí ìkànnì yín lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ní alẹ́, kó sì dá tiyín padà ní òwúrọ̀. Oníbàárà á máa sọ pé òun ti sanwó, ẹ̀yin á máa sọ pé ẹ kò rí i, orúkọ yín ni yóò sì bàjẹ́. Àwọn mìíràn a tún sọ pé kí ẹ jẹ́ káwọn kọ́kọ́ lo àkáǹtì tàwọn lórí Paystack tàbí Flutterwave, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣọ́ọ̀bù gba owó lórí ayélujára, fún yín ná, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo owó yín yóò ti kọ́kọ́ balẹ̀. Ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ṣí tiyín lórúkọ yín, kó máa san owó sí báńkì yín. Secret key rẹ̀, ìyẹn kóòdù àṣírí tó so àkáǹtì náà mọ́ ìkànnì yín, kò gbọ́dọ̀ gba orí WhatsApp kọjá. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, ẹ gba secret key òmíràn, ẹ pààrọ̀ gbogbo páásìwọ́ọ̀dù, ẹ sì yọ oníṣẹ́ kúrò nípò alábòójútó.

Bí ẹ bá ti wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ báyìí, ẹ má tíì bá a jà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì lè wọlé, ẹ fi ìrọ̀rùn kó àkọsílẹ̀ ọjà yín jáde ní fáìlì CSV (irú èyí tí Excel lè ṣí), ẹ da àkọsílẹ̀ oníbàárà àti àwòrán kọ, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp tàbí ímeèlì pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ náà, ẹ̀yin lẹ sì sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹni tó tà á fún yín, pẹ̀lú rìsíìtì àti ìwé CAC yín. Bó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà nínú ìwé .com náà, òfin ICANN, àjọ tó ń ṣètò orúkọ ìkànnì lágbàáyé, ní kí wọ́n fún yín ní kóòdù tí ẹ máa fi kó o lọ láàárín ọjọ́ 5 tí ẹ bá bèèrè. Fún .ng, NiRA ní ìlànà tirẹ̀ fún àríyànjiyàn lórí orúkọ. Ẹ lè fi ẹjọ́ owó tí wọ́n gbà láìṣiṣẹ́ sun FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà. Ẹ má sì jókòó máa retí pé kí orúkọ náà parí kí ẹ tó rà á fúnra yín: lẹ́yìn tí .com bá parí, ó lè wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà tó ọjọ́ 45, yóò tún lo ọjọ́ 30 tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì lè fi owó gọbọi rà á padà, ọjọ́ 5 lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó bọ́ sọ́jà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń gbà á ní ìṣẹ́jú tó bá bọ́.