Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kù gáàsì fún Hilux: ẹ fọwọ́ kan okùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará, ní pàtàkì ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Hilux kó ẹrù oko ní Òkè-Ògùn, ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin kan wà lórí Facebook àti WhatsApp tó ń ta ṣọ́ọ̀kù tòkunbọ̀ tó ti kú. Ó kùn ún lọ́dà yẹ́lò, ó lẹ sítíkà mọ́ ọn, ó wá ń pè é ní “tuntun nínú páálí láti Australia”. Orúkọ tó ń jẹ́ kò lè wúlò fún yín, torí kì í pẹ́ tó fi ń yí i padà, nọ́ńbà tó fi ta ọjà tẹ́lẹ̀ ò sì wọlé mọ́. Ọgbọ́n tó ń dá ni kò tíì yí padà, òun ni mo fẹ́ tú síta.

Mẹkáníìkì ni mí ní Ṣakí, iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ni mo sì ń ṣe jù. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, irú ṣọ́ọ̀kù kan náà ni àwọn oníbàárà ń gbé wá pé kí n bá àwọn wọ̀ ọ́. Èyí tó bí mi nínú jù ni ti Alhájà kan tó ń kó èlùbọ́ láti àwọn abúlé tó wà lọ́nà Kìṣí. Hilux Vigo ni ọkọ̀ rẹ̀, irú èyí tí Toyota ṣe láàárín 2004 sí 2015. Ọ̀nà ti jẹ ṣọ́ọ̀kù tó bá ọkọ̀ wá, ẹ̀yìn ọkọ̀ wá ń jó tí wọ́n bá ti dé ojú gálọ́ọ̀pù. Alhájà rí fídíò ọkùnrin yìí, ó pè é. “Mọ́mì mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣọ́ọ̀kù gáàsì ni, Old Man Emu gidi, ẹ ò ní pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ láyé yín.” ₦520,000 ló gbà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì tó ìdajì iye tí àwọn tó ń ta ojúlówó l'Ékòó pè fún wa. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ARB, ilé-iṣẹ́ Australia tó ni orúkọ Old Man Emu. Orúkọ wọn ni olè yìí ń jí lò.

Ó ní Ládìpọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù òun wà. Ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin tóbi, olóòótọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọmọ Alhájà tó wà l'Ékòó wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi hàn nínú fídíò náà lọ, ẹlòmíràn ló bá níbẹ̀. Bàbá náà ní àìmọye èèyàn ló máa ń wá ya fídíò níwájú ọjà òun, wọ́n á ní àwọn ń wá oníbàárà fún òun, òun ò sì ní rí wọn mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí jìbìtì náà wà gan-an. Ṣọ́ọ̀kù gáàsì gidi, wọ́n máa ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé ni, wọ́n á wá fi okùn pẹlẹbẹ dè é kó lè wọ páálí. Gáàsì náítírójìn inú rẹ̀ ń ti ọ̀pá náà síta nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí okùn yẹn fi máa ń le ganrangan. Tẹ́ ẹ bá gé e, ọ̀pá á máa jáde bọ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fà á. Ibi tí àṣírí ti máa tú nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ọ̀gbẹ́ni yìí sì fi òfin tirẹ̀ sí. Ìwé kékeré kan wà nínú páálí: ẹni tó bá ti gé okùn, a kì í gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Tẹ́ ẹ ò bá gé e, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá gé e, ó ti di tiyín.

Kò pọn dandan kí ẹ gé e. Ẹ ti ìka bọ abẹ́ okùn náà. Ti Alhájà, ìka mi méjì wọ abẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gé e. Ọ̀pá dúró síbi tó wà, kò mira. Mo fọwọ́ fà á jáde, mo tún tì í padà, ó ń lọ ó ń bọ̀ bíi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tí awọ inú rẹ̀ ti já.

Ká má ba ti olóòótọ́ jẹ́ o: kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀kù ló ní gáàsì. Èyí tó jẹ́ ọ́ìlì nìkan, ọ̀pá rẹ̀ kì í jáde fúnra rẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá kọ “gas” gàdàgbà sára páálí ni kó fi gáàsì hàn wá.

Mo gbé ọ̀kan sórí tábìlì, mo yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù tuntun máa ń dán débi pé ẹ lè rí ojú yín nínú rẹ̀. Èyí ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó yí ara rẹ̀ ká, ojú ibi tí wọ́n ti fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò. Ìlà yẹn ló máa ń gé ẹnu sílì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, tí ọ́ìlì á fi máa jò. Mo bó sítíkà ara rẹ̀. Abẹ́ sítíkà gan-an ni ojú ìjó kan wà, ìyẹn ojú ibi tí wẹ́dà ti fi iná jó irin pa, kò ju èékánná ọmọ-ìka lọ, wọ́n ti fáìlì rẹ̀, wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lu ihò, tí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù, tí wọ́n bu òmíràn sí i, tí wọ́n wá jó o pa. Nígbà tí mo fi ayùn irin là á, ohun tó ṣàn jáde dúdú, ó ki, òórùn gíà ọ́ìlì ló sì gba ṣọ́ọ̀bù kan.

Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kù kì í ki bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kó lè gba àwọn ihò tín-ín-rín tó wà lára písítìnì kọjá. Bó ṣe ń fagbára kọjá níbẹ̀ ló ń pa jíjó ọkọ̀, tó ń sọ ọ́ di ooru. Gíà ọ́ìlì á jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kù le láàárọ̀ tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé, ẹni tó rà á á sì rò pé agbára ojúlówó ni. Tí ọ̀nà bá ti mú un gbóná tán, ó di jọ̀bọ̀tọ̀.

Ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ yìí la ṣọ́ọ̀kù nílé o, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan fi iná kàn án. Mo ti rí i dájú pé tèmi ò ní gáàsì kí n tó gbé ayùn lé e. Èyí tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀ lè bú gbàù mọ́ èèyàn lójú.

Ó tún sọ fún Alhájà pé ṣọ́ọ̀kù náà á gbé ọkọ̀ sókè ní ínǹsì mẹ́ta. Irọ́ funfun báláú! Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kù ni pé kó dá sípíríǹgì lẹ́kun jíjó. Ẹ̀yìn Hilux, sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ló gbé e. Iwájú Vigo àti Revo tó tẹ̀ lé e, sípíríǹgì tó lọ́ yí ṣọ́ọ̀kù ká ni. Lóòótọ́, àwọn ṣọ́ọ̀kù iwájú kan wà tí ibi tí sípíríǹgì jókòó lé lára wọn ṣeé sún sókè, bíi Bilstein 5100, ìyẹn lè gbé imú ọkọ̀ díẹ̀. Ti ẹ̀yìn ò lè gbé ohun tó lójú. Ẹni tó bá sì gbé Hilux sókè kọjá bó ṣe yẹ, ṣáàfù iwájú ló ń tẹ̀, họ́ọ̀sì bíréèkì ló sì ń nà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọkùnrin yìí máa ń pe mẹkáníìkì lọ́tọ̀ pé òun á fún un ní nǹkan lórí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó bá bá òun tà. Ó pe èmi náà. Tí mẹkáníìkì yín bá ń tẹpẹlẹ mọ́ oníṣòwò kan ṣoṣo, tí kò fẹ́ kí ẹ dé ibòmíràn, ẹ béèrè ohun tó ń jẹ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń rajà láti ọ̀nà jíjìn, kó ní kí oníṣòwò ṣe fídíò kọ́ọ̀lù, kó fi ìka tẹ okùn náà lójú rẹ̀, kó sì fi nọ́ńbà ara ṣọ́ọ̀kù hàn. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wá a lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ yín ló wà fún. Ti Alhájà, nọ́ńbà kan náà ló wà lára ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Tòkunbọ̀ tí wọ́n tà ní tòkunbọ̀ kò burú ní tèmi, mo máa ń wọ̀ ọ́ fún èèyàn. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ẹni tó ń kó èlùbọ́ kò nílò ṣọ́ọ̀kù eré aṣálẹ̀. KYB lásán tó jẹ́ ojúlówó, pẹ̀lú sípíríǹgì ẹ̀yìn tí kò tíì rẹ̀, á ṣe é.

Ẹni tó bá ti kó sí i lọ́wọ́, kó má ju páálí, sítíkà àti ìwé inú rẹ̀ nù, kó má sì pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́. Kó ké sí báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì tó sanwó sí, kó sì kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀. Bébà “a kì í gbà á padà” ò lè borí ìyẹn.

Alhájà ti kọ tirẹ̀, owó ò tíì padà wá. Ṣọ́ọ̀kù tí mo là àti mẹ́ta tó kù wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ojú ìjó náà kó yà wá.