Ilé tí wọ́n ti tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀ńjìníà tó bá mi yẹ ilẹ̀ wò ní Ṣágámù

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti ẹ̀ńjìníà tó máa ń yẹ ìpìlẹ̀ ilé wò, òun àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ fún ẹni tó ti ra ilé tán, tó ti ń gbé inú rẹ̀, tó wá rí i pé ẹnì kan ti tún ìsàlẹ̀ ilé náà ṣe rí tí kò sì sọ fún un. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Búńgálò oníyàrá mẹ́ta ni, lápá ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ọwọ́ àwọn ọmọ olóògbé ni mo ti rà á. Iṣẹ́ náà tó owó tí mo san lé e, bó bá tún di dandan, màá tún un san. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tó kù díẹ̀ káàtó, n ó sọ ìyẹn náà.

Àwọn tó ń fi táìlì tuntun sí yàrá ẹ̀yìn ló tú àṣírí. Nígbà tí wọ́n ha sìmẹ́ńtì kúrò lára ògiri ní igun tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, irin ròdù kéékèèké ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n fi gán ojú ibi tí ògiri ti là rí, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì dí i, wọ́n kùn ún lọ́dà. A gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ní ìta. Kọ́ńkéré ńlá kan wà lábẹ́ ìpìlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ìpìlẹ̀ mu rárá. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé èèyàn kì í ṣàdédé da kọ́ńkéré sábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tó ti dúró, àfi tí ilé náà bá ti ń rì.

Bàbá kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, tó ti wà ládùúgbò kí ilé tó pọ̀ níbẹ̀, ni mo lọ bá. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kòtò ni gbogbo ẹ̀yìn yẹn nígbà kan. Àwọn tó ń wa yangí fún ọ̀nà ló gbẹ́ ẹ. Bí òjò bá rọ̀, àwọn ọmọdé á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn sọ ọ́ di ààtàn, ó kún, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n gé e tà.” Wọ́n ní àwọn rò pé àwọn ọmọ olóògbé ti sọ fún mi kí n tó sanwó. Inú mi ò dùn sí àwọn ọmọ náà, mi ò sì fi pamọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tòní.

Irú kòtò bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Rẹ́mọ. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà lábẹ́ ilẹ̀ Ṣágámù, òun ló gbé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wá síbẹ̀ ní 1978. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Òkúta náà, ojúta ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, kì í ṣe inú ihò abẹ́ ilẹ̀ bíi ti èédú Enugu. Yangí ní tirẹ̀ kò gba ilé iṣẹ́ ńlá: ibi tó bá sún mọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ, tí iṣẹ́ bá parí, kòtò á kù síbẹ̀.

Àwọn èèyàn tí mo kọ́kọ́ sọ fún dá mi lóhùn pé àdó tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ló la ògiri mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Doncaster, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀ béèrè bóyá lọ́yà mi gba ìwé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa nǹkan jáde nínú rẹ̀. Ìlú èédú ni ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ilé wọn, lọ́yà wọn kọ̀wé sí àjọ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ihò èédú. Coal Authority ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, láti November 2024 ló ti di Mining Remediation Authority. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ bóyá wọ́n wa èédú gba abẹ́ ilé náà, bóyá ẹnu ihò àtijọ́ kan wà nítòsí, àti bóyá ẹnì kan ti béèrè fún àtúnṣe nítorí pé ilẹ̀ rì. Òfin 1991 wà níbẹ̀ tó sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ tún ilé ṣe tàbí kó sanwó bí ihò èédú bá bà á jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀, rìsíìtì àti ìwé ẹbí ni lọ́yà mi rí yẹ̀ wò. Kò sí kòtò nínú ìkankan wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ̀ńjìníà ni màá gbà, nítorí nǹkan tí ìwé kò sọ, ilẹ̀ á sọ ọ́.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó dé, kò tiẹ̀ wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ó rìn yí ilé ká, ó gbójú sókè wo páànù àti ibi tí omi òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í. Ó ní, “Màmá, ẹ wo ilẹ̀kùn yìí bó ṣe ń há lókè ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bo ògiri yín lè fi sìmẹ́ńtì bò ó, ṣùgbọ́n férémù tó ti wọ́ kò ṣe é bò.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ sí i, nítorí àwọn bíríkìlà tó ti wá ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti ń pe iye owó.

Ó wọn ibi tí ògiri ti là. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kò le: èyí tí kò ju mìlímítà 1 lọ kò tó nǹkan, títí dé 5, sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà lè tán an, láti 5 sí 15, ó lè gba kí a tú búlọ́ọ̀kù díẹ̀ kí a tún un tò, tó bá kọjá 25, ẹ̀rù dídúró ilé náà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó bani. Èyí tí wọ́n ti dí nígbà àtijọ́ tó 12. Èyí tó tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe kò ju 3 lọ. Ó fi hàn mí pé láti igun fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀, tó ń gun orí búlọ́ọ̀kù lọ sókè bí àtẹ̀gùn, òkè rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ó ní igun ilé tó ń lọ sísàlẹ̀ ló máa ń la ògiri báyẹn. Mo bi í nípa àdó. Ó ní ìmìtìtì àdó máa ń dé gbogbo ara ilé ni, kì í ṣa igun kan ṣoṣo jẹ, yàrá iwájú mi kò sì ní ohunkóhun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Dutch cone wá. Irin gígùn ni, tó ní ṣóńṣó lẹ́nu. Wọ́n á máa tì í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa ka bí ilẹ̀ ṣe ń fagbára dí i lọ́nà. Níwájú ilé, kò tíì wọlẹ̀ tó mítà 1 tí ilẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn ilé, ńṣe ló ń wọlé bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ bọ àpò gàrí. Wọ́n tún fi irin alọ́wọ́ lu ihò tóóró síbẹ̀ kí a lè fojú rí ohun tó wà nísàlẹ̀: eérú, nàílọ́ọ̀nù, àfọ́kù ìgò, àkísà tó ti jẹrà. Ó tó mítà 3 kí ilẹ̀ pupa tó le tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí bàbá yẹn sọ ló jáde lójú gbogbo wa.

Àlàyé tó ṣe lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín kòtò tiwa àti ihò èédú ni mo kà sí apá tó níye lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Níbi tí wọ́n bá ti wa èédú jìnnà sísàlẹ̀ tí wọ́n sì jẹ́ kí òkè ihò náà wó tẹ̀lé wọn, ilẹ̀ máa ń rì lẹ́ẹ̀kan, ọdún díẹ̀ sí i á ti dúró, nítorí náà àtúnṣe tó bá pẹ́ níbẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti tán. Àwọn ihò àtijọ́ tó sún mọ́ ojú ilẹ̀ ló burú, ìyẹn lè wó lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Kòtò tí a fi ìdọ̀tí kún kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ihò òfìfo níbẹ̀. Ìdọ̀tí tó ń jẹrà ló ń sún kì, bí omi bá sì ti ń dé ibẹ̀, sísún náà kì í fẹ́ tán. Ó ní kí n má bi í bóyá ilé náà rì rí, nítorí ìyẹn ti dájú. Kí n bi í bóyá ó ṣì ń rì.

Ìdáhùn ìyẹn gba sùúrù. Ó fi sìmẹ́ńtì lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó máa là bí ògiri bá ṣì ń sún, mọ́ ojú ibi tó là ní òkè àti nísàlẹ̀, ó kan ìṣó kékeré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí a lè máa wọn àárín wọn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́ ògiri náà títí òjò June àti ti September yóò fi kọjá. Ó dùn mí, nítorí yàrá ọmọ mi ni, ó sì ti yẹ kó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ńjìníà tó bá ní kí ẹ dúró wò kí ẹ tó náwó, ẹ dì í mú. Gíláàsì ìsàlẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ti òkè là ní September, lẹ́yìn òjò ńlá kan tó rọ̀ mọ́jú.

Àbájáde rẹ̀ rèé. Ẹni tó tún ilé náà ṣe rí kì í ṣe òpè. Nínú kọ́ńkéré tó gbé sábẹ́ ìpìlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dé orí ilẹ̀ pupa tó le, àfi ọ̀kan, èyí tó wà ní ìdí igun yẹn gan-an, tó dúró sínú ìdọ̀tí. Bóyá owó ló tán, bóyá omi ló ń sun sínú kòtò tí wọ́n ń gbẹ́, ẹni tó mọ̀ ti lọ. Omi páànù ń dà sí ẹ̀yìn igun yìí, sókàwéè sì wà ní mítà 2 péré sí i. Nítorí náà kò ní kí n wó ògiri, kò sì ní kí n fi irin kún irin. Ó ní kí n gbé omi kúrò níbẹ̀ ná, kí a wá gbẹ́ ìdí kọ́ńkéré kan yẹn dé ilẹ̀ tó le.

Níbi tó ti kù díẹ̀ káàtó: àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ihò sílẹ̀ láìdí ní ẹ̀yìnkùlé, díẹ̀ ló kù kí ìyá mi kẹ́sẹ̀ bọ ọ̀kan. Nígbà tí mo pè é, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì wá dí i lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dìgbà tí mo bá pè. Ìwé àbájáde pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kò sí àwòrán kan tó fi ibi tí kọ́ńkéré kọ̀ọ̀kan wà hàn. Mo dá a padà, mo ní mo fẹ́ àwòrán. Èyí tó wá yà fún mi ni mo ń lò jù báyìí. Owó tó gbà sún mọ́ iye tí àwọn bíríkìlà bù fún mi láti wó ògiri kí wọ́n tún un mọ, àwọn tí iṣẹ́ wọn ì bá tún là lójú òjò tó tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó gbà ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹ̀ńjìníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ yẹn ti wà láti 1970, ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kì í bínú pé a béèrè. Ẹ tún mọ̀ pé Dutch cone kì í lè kọjá níbi tí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta bá pọ̀ sí nínú kòtò, nítorí náà bí ilé yín bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí tí kòtò náà bá jìn, ihò tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ló máa bá a mu, owó rẹ̀ sì ga ju èyí lọ.

A ti gbé ọ̀pá omi páànù lọ sí ẹ̀gbẹ́ iwájú, wọ́n sì ti gbẹ́ sókàwéè tuntun jìnnà sí ilé. Fọ́tò gbogbo ohun tí a rí lábẹ́ ògiri àti ìwé ẹ̀ńjìníà ti wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ilé. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi yóò gbà á pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí igun yẹn ló kù, tí a máa ṣe nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ẹ̀ńjìníà ní wọn kò gbọdọ̀ ṣí ju mítà 1 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìpìlẹ̀ má bàa rọ̀ dirodiro. Ó ti gbà láti wá dúró tì wọ́n fúnra rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n da kọ́ńkéré kankan kó tó fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ pupa.