Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú Màmá nílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀fóró

Jẹjẹrẹ ló mú kí wọ́n gé ìpín òkè kúrò lára ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún Màmá. Ìpín méjì ló kù lápá ibẹ̀. Ọsibítù ti yọ rọ́bà àyà tó ń fa omi àti atẹ́gùn jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí a tó padà sí Sùúrùlérè, àmọ́ Màmá ń bẹ̀rù àtihúkọ́, àwa náà sì ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kàn wọ́n. La bá gba nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni kan.

Kí obìnrin náà tó wọn ìfúnpá rárá, ó bi Màmá léèrè ìgbà tí wọ́n ń jí. Asùbáà ni. Ó ní kí oògùn ìrora ṣáájú ìrun, kí ìdárayá mímí tẹ̀ lé e nígbà tí oògùn bá ti ràn. Ike oníbọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n fún wa fún ìdárayá mímí yìí, Màmá ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ọjọ́ yìí, fífà ló yẹ kí wọ́n máa fà á! Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbá pírọ̀ mọ́ ojú abẹ húkọ́: “Ẹ má gbé ikọ́ yẹn mì, Àlhájà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, nimóníà ló ń dà.”

Èyí tó wù mí jù ni ti èjìká tó ti fẹ́ gan. Nígbà tó gbọ́ pé aṣọ ni Màmá ń tà ní Balógun, ó ní kí wọ́n máa ká ìborùn fúyẹ́fúyẹ́, kí wọ́n máa gbé e sórí pẹpẹ. Màmá tó ń kọ ìdárayá bẹ̀rẹ̀ sí í to ọjà. Nọ́ọ̀sì yìí náà ló lọ bẹ aládùúgbò tí èéfín jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń gba fèrèsé wọlé. Àwa ọmọ ilé kò tó bẹ́ẹ̀.

Ó lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì: bí ẹsẹ̀ kan bá wú, bí ibà bá dé, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ikọ́ jáde, bí èémí bá ṣàdédé kúrú, ká má pe òun, ọsibítù ni ká gbà lọ.

Owó iléeṣẹ́ náà wúwo, àwa ọmọ la dá a. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti jákulẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń rán wá, ọ̀kan tilẹ̀ ń wá ojú abẹ lápá òsì! Ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n, kó béèrè ẹni tí yóò wá ní Sátidé kó tó sanwó.