Lẹ́ǹsì Nikon 200-500mm fún Yíya Fọ́tò Àṣá àti Àwòdì ní Èkìtì: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Ń Lò Ó

Lẹ́ǹsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni AF-S Nikkor 200-500mm f/5.6E ED VR, èyí tí Nikon gbé jáde ní 2015, tí mo sì ń so mọ́ kámẹ́rà D500 láti fi ya àwọn ẹyẹ apẹranjẹ ní Ìkéré, ní Ẹ̀fọ̀n Aláàyè àti ní àyíká Adó-Èkìtì. Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, ìdájọ́ mi nìyí: fún ẹni tó bá fẹ́ ya ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀run gbangba, owó tó bá ná lé e kò ṣòfò; ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé inú igbó kìjikìji ló fẹ́ gbé e wọ̀, kó rò ó dáadáa kó tó ná an.

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni bí ó ṣe ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni tó. Sẹ́ńsọ̀ D500, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, kéré sí ti àwọn kámẹ́rà ńlá, nítorí náà 500mm lára rẹ̀ ń ríran bí 750mm, èyí sì tó wa lò. Àwòdì kì í sá fún àdúgbò ènìyàn. Orí ọjà, orí ààtàn àti ẹ̀yìn ilé ìpẹran ló ti ń wá oúnjẹ, ó sì lè já wálẹ̀ gbé òròmọdìẹ lójú ẹni tó ni ín. Títẹ̀lé e nígbà tó bá ń yí ló ni iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Nikon P1000, kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ lè fa nǹkan dé ìwọ̀n 3000mm, mo sì ti fi ya òṣùpá tó rẹwà púpọ̀. Àmọ́ bí ènìyàn bá fà á dé òpin, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé yóò ti kéré dé f/8, ibi tó ń rí lójú ọ̀run yóò sì há tó bẹ́ẹ̀ tí àwòdì yóò fi ti kọjá kí a tó rí i. Ti 200-500mm kò yí padà: f/5.6 ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì lè wá ẹyẹ náà rí ní 200mm kí n tó fà á mọ́ra.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn àgbẹ̀ bá ń sun oko, ni mo máa ń gbádùn rẹ̀ jù. Bí èéfín bá ti rú, àwọn àwòdì a dé, nítorí pé àwọn tata àti alángbá tó ń sá fún iná ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ gbá tata mú nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á tẹ orí wálẹ̀, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán láìbalẹ̀. Nínú ọ̀kan lára irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, mo rí ẹnu àwòdì tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, mo rí èékánná tó há ìyẹ́ tata mọ́ra, mo sì rí bí ìrù rẹ̀ tó là sí méjì ṣe lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fi darí ara rẹ̀. Ìyára 1/2000 ìṣẹ́jú-àáyá ni mo lò, pẹ̀lú f/5.6, mo fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, sílẹ̀ kí kámẹ́rà yàn án, mo sì gbé fókọ́ọ̀sì sí AF-C, èyí tó ń tẹ̀lé ohun tó bá ń rìn. Ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́ funfun, bí a kò bá sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní ìwọ̀n +1 ó kéré tán, òjìji dúdú lásán ni ẹyẹ náà yóò jẹ́. Bọ́tìnì kan wà lára lẹ́ǹsì náà tí kì í jẹ́ kí fókọ́ọ̀sì wá ohunkóhun tó bá sún mọ́ ju mítà 6 lọ. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibẹ̀, yóò sì yára sí i. Wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, ṣùgbọ́n èyí tí èmi ń yà mọ̀ dáadáa, nítorí pé bí mo bá ṣàdédé na lẹ́ǹsì sí i, ó ń yà kúrò lọ́nà.

Ìwúwo rẹ̀ ni ẹ̀bi tó tóbi jù. Lẹ́ǹsì náà wọn kìlógíráàmù 2.3, D500 sì súnmọ́ gíráàmù 900 pẹ̀lú bátìrì, nítorí náà ohun tó ju kìlógíráàmù 3 lọ ni ènìyàn ń gbé sókè tí ó sì ń yí kiri pẹ̀lú ẹyẹ. Apá á ro ẹni. Mo ní sítáàńdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó bá ń fò kọjá lórí ẹni kò bá sítáàńdì mu. Yíyí lẹ́ǹsì náà láti 200 dé 500 gùn pẹ̀lú, ọwọ́ kan kì í yí i tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ gun ọ̀kadà, ẹ tì í ní 200mm, nítorí pé ó ń nà jáde, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ibi tó nà náà; èmi máa ń nù ún kí n tó dá a padà wọlé.

Ní Ìkéré, ọ̀pẹ kan wà tí àwọn ẹ̀gà fi ilé wọn kún. Ibẹ̀ ni mo ti ya àṣá kan, Polyboroides typus, tí ojú rẹ̀ jẹ́ awọ lásán tí kò ní ìyẹ́. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ síwájú, ó sì lè tẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń fi orí sísàlẹ̀ rọ̀ mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń gbọn ìyẹ́ kí ó má baà jábọ́, ó sì ń ti ẹsẹ̀ bọ inú ìtẹ́ bí ẹni ń ti ọwọ́ bọ àpò láti wá ọmọ ẹ̀gà. Bí ara rẹ̀ ti ń gbóná sí i ni ojú rẹ̀ ń kúrò ní àwọ̀ ìyeyè, tó ń di pupa. Nǹkan bí 300mm ni mo fi yà á, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Lẹ́ǹsì tó bá jẹ́ 500mm nìkan ni ì bá ti gé wọn kúrò. Imọ̀ ọ̀pẹ ń fa fókọ́ọ̀sì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà àmì fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni mo lò. Lábẹ́ igi ńlá, níbi tí igún funfun tí ń jẹ ẹyìn fẹ́ràn láti bà sí, f/5.6 kò gba ìmọ́lẹ̀ tó, ISO á gòkè, fọ́tò á sì dà bíi pé wọ́n fọ́n iyanrìn sí i.

Kò sí lẹ́ǹsì tó lè wo ooru sàn. Àpáta Olósùnta ní Ìkéré ń gba oòrùn, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè lára rẹ̀, òun náà sì ni àwọn àṣá ń gùn lọ sókè láìju ìyẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ń mi àwòrán lọ́sàn-án, kò sì sí owó tó lè tún un ṣe. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹyẹ náà sún mọ́ yín.

Lẹ́ǹsì yìí gùn, ó dúdú, ó sì ń da ojú rú. Bàbá ọdẹ kan ní Ẹ̀fọ̀n bi mí pé, “Ọmọ mi, irú ìbọn wo lèyí?” Mo kí wọn, mo jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó, lẹ́yìn náà àwọn gan-an ló fi igi tí òwìwí máa ń sùn sí hàn mí. Ó dára kí a kọ́kọ́ lọ kí onílẹ̀. Ní ti igún (Necrosyrtes monachus, kì í ṣe igún funfun), tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, ti kà mọ́ àwọn tó súnmọ́ ìparun jù lọ láti 2015, tí wọ́n sì ń pa fún oògùn, bí mo bá rí ibi tó ń sùn sí, n kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà “E” tó wà nínú orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé iná mànàmáná ni kámẹ́rà fi ń darí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀: àwọn kámẹ́rà Nikon àtijọ́ bíi D90, D80, D200 àti D3000 kò lè darí ihò ìmọ́lẹ̀ lẹ́ǹsì yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí ṣì pọ̀ lọ́jà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú gíláàsì rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí okùn aláǹtakùn, èbu tó hù sínú gíláàsì ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Òjò wa pọ̀, nítorí náà inú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa omi, ni ti èmi ń sùn láti oṣù karùn-ún títí òjò yóò fi dá.