Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú áàpù tó ń sọ ìlú lórúkọ

Ìtàn kan ni mo ń kọ, àtinúdá sì ni gbogbo ayé inú rẹ̀. Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí áàpù tó ń ya máàpù ilẹ̀ tí kò sí, tó tún ń sọ àwọn ìlú ibẹ̀ lórúkọ.

Máàpù rẹ̀ dára gan-an. Kí n tó ṣẹ́jú, òkè àti odò ti jáde, ìlú sì ti wà níbi tó yẹ ká bá ìlú: ẹnu odò, oríta, èbúté. Orúkọ wọn ni ọ̀rọ̀ wà.

O máa kó orúkọ ìlú bíi mélòó kan fún un, yóò wo lẹ́tà tó sábà máa ń tẹ̀ lé lẹ́tà, yóò sì fi hun tuntun. Wọ́n dùn lẹ́nu, wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, áàpù yìí kì í wolé. Ìlú orí àpáta, ìlú inú irà, bákan náà ló ń ṣe wọ́n.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àyè orúkọ kan ṣoṣo ni ìlú kọ̀ọ̀kan ní. Tí o bá pààrọ̀ rẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ parẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ inú orúkọ àtijọ́ ni ìtàn ń gbé! Qart Hadasht, "ìlú tuntun", ni àwọn ará Fòníṣíà pe Carthage, ìlú àtijọ́ kan ní Àríwá Áfíríkà. Àwọn ará Carthage tẹ ìlú dó sí Sípéènì, wọ́n tún fún un ní orúkọ yẹn. Àwọn ará Róòmù dé, wọ́n pè é ní Carthago Nova, ó wá di "ìlú tuntun tuntun". Òun ni Cartagena òní. Ẹ tún wo St Petersburg ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1703: ogun Jámánì sọ ọ́ di Petrograd ní 1914, ikú Lenin, olórí ìjọba wọn, sọ ọ́ di Leningrad ní 1924, ó sì gba orúkọ àkọ́kọ́ padà ní 1991.

Ni mo bá mú ìwé ajákọ. Áàpù fún mi ní "Kelduma". Mo ní Keldu lorúkọ odò, "ma" sì ni ẹnu. Àwọn tó ṣẹ́gun ìlú náà kò lè pe "l", wọ́n sọ ọ́ di Keduma. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn inú ìtàn mi ti ń jà lórí lẹ́tà kan, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tó kàn fẹ́ máàpù fún eré, kó mú un. Ẹni tó ń kọ ìtàn, kó mú ìwé ajákọ dání. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi àyè orúkọ àtijọ́ kún un, Kelduma àti Keduma ni màá kọ́kọ́ kọ síbẹ̀.