Pọ́ǹpù elépo ínṣì 2 fún omíyalé l'Abẹ́òkúta: ó mọ omi fà, họ́ọ̀sì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́

Pọ́ǹpù tí à ń wò níbí kì í ṣe àjèjì. Ẹ́ńjìnnì bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, pẹ̀lú irin tí wọ́n tẹ̀ yí i ká. Ẹnu méjì ló ní: ọ̀kan ń fa omi wọlé, èkejì ń tú u síta. WP20 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí páálí rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lókè ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, láti fi bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ òjò la fẹ́ fi wò ó: omi ti wọ yàrá, a sì fẹ́ kó jáde kó tó ba ìsàlẹ̀ ògiri àti bẹ́ẹ̀dì jẹ́.

Máàkì 7 nínú 10 la fún un. Nínú mẹ́ta tó dín, họ́ọ̀sì ló jẹ méjì; ìwé inú páálí tí kò pariwo ohun tó yẹ kó pariwo ló jẹ ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n irú omi wo ni? Omi méjì ló ń ya ilé l'Abẹ́òkúta. Èkíní ni àgbàrá. Ìlú abẹ́ òkúta ni wá: òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kò ríbi rin wọlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń forí lé, sínú gọ́tà àti sínú odò Sokori tó la àárín ìlú kọjá. Bí gọ́tà bá ti dí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kàn. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2018, tó sì gba ẹ̀mí lọ. Àgbàrá yìí kì í pẹ́ kó tó fà, ohun tó sì máa ń fi sílẹ̀ nínú yàrá ni pọ́ǹpù yìí wà fún.

Èkejì ni omi odò Ògùn fúnra rẹ̀, èyí tí ará Lafẹ́nwá mọ̀ dáadáa. Òkè ọ̀hún ló ti ń bọ̀. Dáàmù Ọ̀yán, tó wà lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983, lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Bó bá ti ń kún lápá ìparí òjò, wọ́n ní láti tú nínú rẹ̀ sílẹ̀, odò á sì gbéra sókè fún ọjọ́ púpọ̀. Ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò lọ́nà Ìṣẹri, nítòsí ibi tó ti ń wọ ọ̀sà: bí ọ̀sà bá ti kún, odò ò ríbi tú sí. Kò sí pọ́ǹpù tó lè bá irú omi bẹ́ẹ̀ jà. Ẹ ó fà á síta, á tún gba abẹ́ ilẹ̀kùn padà wọlé, epo yín nìkan ló máa gbẹ.

Ewu tún wà ńbẹ̀ tí èèyàn kì í rò. Omi tó ga tó mítà 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ń fi agbára bíi ti ẹrù kílò 500 ti gbogbo mítà 1 gígùn ògiri náà. Nígbà tí omi wà níta tó sì tún wà nínú ilé, àwọn méjèèjì ń ti ara wọn. Bí ẹ bá fa tinú gbẹ, tìta nìkan ló kù tó ń tì, ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò ní irin nínú sì lè wó lulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ìta fà dé ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó ta okùn ẹ̀rọ.

Lítà 600 ní ìṣẹ́jú kan ni páálí wí. Ẹ má fi sọ́kàn. Ìyẹn jẹ́ nígbà tí omi wà nítòsí ẹ̀rọ tí họ́ọ̀sì sì kúrú. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lóròó àti 12 níbùú, tí omi inú rẹ̀ dé orúnkún, ní omi bíi lítà 5,800. Pẹ̀lú họ́ọ̀sì gígùn, ẹ ka ìṣẹ́jú 15. Garawa lítà 20 yóò lọ yóò bọ̀ ní ìgbà 290 fún iṣẹ́ kan náà, nítorí náà a ò lè sọ pé owó náà ṣòfò.

Ó wá kan họ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á fún yín ní họ́ọ̀sì pẹlẹbẹ tó ń ká jọ bí aṣọ, wọ́n á ní ó tó. Ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde nìkan nìyẹn tó fún. Ibi tí omi ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ lo họ́ọ̀sì líle tó ní okùn lílọ́ nínú, ínṣì 2 gan-an, tí kò gùn ju mítà 6 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé atẹ́gùn ìta ló ń ti omi gòkè nígbà tí ẹ̀rọ bá ti fa inú họ́ọ̀sì ṣófo. Atẹ́gùn yẹn náà ló máa fún họ́ọ̀sì rírọ̀ pọ̀ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ọmọdé fa gbẹ. Mítà 7 ni ìwé wí pé ó lè fa omi gòkè. Ẹ má jẹ́ kó ju 4 lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oríkèé, ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: rọ́bà pẹlẹbẹ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì sábà máa ń sọnù. Ẹ fi tépù funfun àwọn pọ́lọ́ńbà yí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi kílíìpù 2 di họ́ọ̀sì mú, kì í ṣe 1. Bí ẹ̀rọ bá ń dún geerege tí omi ò jáde, tàbí tó ń jáde bí ẹni tó ń wúkọ́, atẹ́gùn ń wọlé níbì kan. Ẹ fi ọṣẹ rírọ̀ kun oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá kùn tí omi sì dúró dáadáa ni ọ̀daràn.

Asẹ́ tó wà ní ìdí họ́ọ̀sì dára, àmọ́ kò tó fún omi ìlú wa. Ọ̀rá, ewé àti yanrìn ló ń bá àgbàrá wọlé, abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù yìí ò sì fẹ́ ohun tó ju mìlímítà 6 lọ. Ẹ gbé asẹ́ náà sínú apẹ̀rẹ̀ tòmátò, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó bá ku bíi ìka mẹ́ta sílẹ̀, asẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mu atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ parí; ìgbálẹ̀ àti pákà ló kù. Ẹni tó bá ta á fún yín pé ó ń fa ilẹ̀ gbẹ kò tíì lò ó rí.

Ohun tó yẹ kí ìwé inú páálí pariwo rèé: ẹ má ta okùn ẹ̀rọ tuntun láìbu ọ́ìlì sí i. Gbígbẹ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń jáde nínú páálí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lítà 0.6 ló ń gbà, ẹ sì gbé e sórí ibi tó tẹ́jú kí ẹ tó wọn ọ́n. Èyí tó ní ohun tó ń ṣọ́ ọ́ìlì kì í ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sì pọ̀ l'Abẹ́òkúta. Mẹkáníìkì lè tú kabúrétọ̀ rẹ̀ lásán nítorí èyí.

Lẹ́yìn náà ẹ fún un lómi mu. Ẹ ṣí ìdérí òkè pọ́ǹpù, ẹ bu omi mímọ́ sí i títí á fi kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Ẹ fa ṣóòkù (ọwọ́ tó ń dín atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù), ẹ ta okùn, ẹ dá ṣóòkù padà bó bá ti gbóná díẹ̀, kí ẹ wá mú kó sáré sí i. Omi yẹ kó jáde láàárín ìṣẹ́jú 3. Bí kò bá jáde, ẹ pa á. Omi ló ń tu sílì inú rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò láti pọ́ǹpù sí ẹ́ńjìnnì, lára. Bó bá sáré gbígbẹ, sílì á jóná, ẹ ó sì máa rí omi tó ń kán láàárín ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù. Sílì kò wọ́n, wàhálà títú rẹ̀ ló wọ́n.

Ìta gbangba ni kó wà, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì tí imú kò lè gbọ́, ó sì ń pa odindi ìdílé. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹsẹ̀ bọ omi inú ilé, ẹ pa súìṣì ńlá, kódà bí NEPA bá ti mú iná lọ. Wọ́n lè mú un dé.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra ti oníná tí wọ́n ń rì sínú omi. Ó dára, ó ń fa ilẹ̀ gbẹ ju eléyìí lọ, ṣùgbọ́n lálẹ́ òjò ńlá níbo ni iná wà? Ínṣì 3 yá ju eléyìí lọ, bíi lítà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì wúwo, ó ń mu epo. Kí àwọn aládùúgbò dá owó ra ọ̀kan bọ́gbọ́n mu. Fún ilé kan, ínṣì 2 tó.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi omi mímọ́ fọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, torí yanrìn tó bá kù níbẹ̀ ló ń lọ abẹ̀bẹ̀. Ẹ tú ìdí ìsàlẹ̀ kí omi ṣàn tán. Họ́ọ̀sì tó ti fa omi àgbàrá kò gbọdọ̀ wọ kànga tí ẹ ń mu. Ẹ pa ẹnu epo, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀. Epo tó bá sùn nínú kabúrétọ̀ láti oṣù Kọkànlá di oṣù Kẹrin á di gọ́ọ̀mù, ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ bá sì wọlé ni ẹ máa mọ̀.