Iṣẹ́ tọ́nà lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi ní Iléṣà: ohun tó dáa níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ̀ pé kò sí ọ̀sà ní Iléṣà, kò sí èbúté. Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn lójú ọ̀nà Akúrẹ́, ẹ́ńjìnnì tó ń bá mi fa omi láti odò sínú adágún ẹja sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n tú kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ òkèèrè. Tókunbọ̀ ni, Èkó ni wọ́n ti bá mi rà á, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ kò níṣòro. Ohun tó ń fi ojú mi rí màbo ni àwọn irin wẹ́wẹ́ tí họ́ọ̀sì omi ń wọ̀ sí lára rẹ̀: nípù (irin kúkúrú oníhò tí họ́ọ̀sì ń wọ̀ sí), ẹ́líbò (èyí tó tẹ̀ bí ìgúnpá), àti irin oríta kan tó pín omi sí ọ̀nà méjì. Ṣọ́ọ̀bù tọ́nà, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lathe yí irin kí wọ́n lè gé e, kan tí kò jìnnà sí Ìṣọkùn ló bá mi ṣe gbogbo wọn ní tuntun, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Bí ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń mú ara tutù yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Kò ní rédíétọ̀, kò ní fáànù. Omi méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kúláǹtì (oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnnì), ó kàn ń yí po níbẹ̀ ni, kì í jáde. Èkejì ni omi ìta: pọ́ńpù kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀ rọ́bà nínú ló ń fà á wọlé, á gba inú àgbá kan tó kún fún páìpù tín-ín-rín kọjá, á gba ooru lára omi àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì pàdé, lẹ́yìn náà á bá èéfín jáde síta. Lójú òkun, omi iyọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Lọ́dọ̀ tèmi, omi odò ni.

Ẹni tí kò mọ agbègbè wa á ní omi odò ti dáa ju omi iyọ̀ lọ. Láti ìgbà tí àwọn awagóòlù ti pọ̀ ní Ìtàgúnmódì àti àyíká rẹ̀, odò tí a ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pupa. Odò Ọ̀ṣun pàápàá kò bọ́ níbẹ̀, gbogbo ayé ló rí àwọ̀ rẹ̀. Iyanrìn kíkúnná inú omi yẹn ń ha abẹ̀bẹ̀ rọ́bà náà bí ẹni fi sáńpépà ha pákó. Tí ewé abẹ̀bẹ̀ kan bá sì já, kò ní jáde síta, ẹ́líbò tó wọ inú àgbá ni yóò há sí. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá tú ẹ́líbò yẹn, ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà.

Iyọ̀ ti ba nǹkan jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dé ọwọ́ mi. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kàn fi sípánà kan ẹ́líbò tó wà lẹ́nu àgbá ni, ó kán sí i lọ́wọ́. Lóde, idẹ tó pọ́n dáadáa ni. Ojú ibi tó kán ni kí ẹ wò: ó pupa bíi bàbà, ó sì rí wúruwùru, kò sí àwọ̀ yẹ́lò kankan mọ́. Idẹ tí wọ́n fi bàbà àti síńkì pò ni. Tí irú rẹ̀ bá pẹ́ nínú omi iyọ̀, omi á máa fa síńkì inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bàbà tó kù á wá dà bí nǹkan tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Nígbà tí Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù rí i, wọ́n kàn yí i lọ́wọ́, wọ́n ní, “Mọ̀mí, èyí ti kú tipẹ́. Òkú lẹ gbé sẹ́nu iṣẹ́.”

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni mẹkáníìkì kan ti ṣe tirẹ̀. Ó lọ bá àwọn tó ń ta nǹkan púlọ́ńbà ní Àtàkúnmọ̀sà, ó ra nípù gálífánáísì (irin tí wọ́n fi síńkì bò) àti ẹ́líbò oníke, ó fi tíréèdì téèpù (téèpù tí wọ́n ń wé mọ́ tíréèdì, eyín tí irin fi ń yí wọ ara wọn) wé wọn bí ẹni ń di òkú, ó gba owó rẹ̀. Ike PVC tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi ilé kò ju nǹkan bí 60°C lọ, omi inú ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná dáadáa sì ń ju 80°C lọ. Ike náà rọ̀, kílíìpù, bẹ́líìtì irin tó ń fún họ́ọ̀sì, fún un pọ̀, họ́ọ̀sì yọ ní ọ̀sán gangan. Ti nípù irin yẹn tún burú jù, torí ara ilé tẹmọsítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó) ló dè é mọ́, alumíníọ̀mù sì ni ilé náà. Tí irin àti alumíníọ̀mù bá fara kanra tí omi sì wà láàárín wọn, bátìrì ni wọ́n dà yẹn, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa san gbèsè. Ìyẹ̀fun funfun tí mo rí yí ẹnu tíréèdì ká, alumíníọ̀mù tó ti jẹrà ni. Ọ̀gbẹ́ni náà tún yọ tẹmọsítáàtì sọnù, ó ní ooru ilẹ̀ wa kò nílò rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹmọsítáàtì kì í tètè gbóná tó bó ṣe yẹ kó gbóná, á sì máa jẹ epo lásán.

Ó yá, ṣọ́ọ̀bù tọ́nà. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbóríyìn fún wọn lé lórí ni bí wọ́n ṣe yọ nípù irin tó ti kán sínú ilé tẹmọsítáàtì. Ẹlòmíì á gbé ṣísù àti òòlù sí i, ilé tẹmọsítáàtì á sì fọ́. Bàbá yìí fi iná gáàsì gbóná ara alumíníọ̀mù náà yípo, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n tún gbóná rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi abẹ ayùn irin gé ojú nípù láti inú, fínnífínní, títí ó fi kù díẹ̀ kó kan tíréèdì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú, ó sì yí jáde. Tíréèdì alumíníọ̀mù kò dá ẹyọ kan. Èmi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe é tán.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tíréèdì, ibí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó. Tíréèdì tí gbogbo púlọ́ńbà wa ń lò ni BSP ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo NPT. Ní ìwọ̀n ìdajì íǹṣì àti ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, eyín 14 ni àwọn méjèèjì ní nínú íǹṣì kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń wọ inú èkejì fún ìyí díẹ̀ kó tó le. Ẹni tó ń dì í á rò pé ó ti dì. Kò dì, torí eyín BSP jẹ́ ìgun 55°, ti NPT jẹ́ 60°, omi á sì máa gba àárín wọn jò bó ti wù kí téèpù pọ̀ tó. Ní 3/8 íǹṣì, BSP ní eyín 19, NPT ní 18, ìyẹn kì í tilẹ̀ wọlé dáadáa. Lára ẹ́ńjìnnì tèmi, ibi tó kù jẹ́ BSP, ẹnu àgbá nìkan ló jẹ́ NPT, ó jọ pé wọ́n ti pààrọ̀ àgbá náà rí. Bàbá mú géèjì eyín jáde nínú àpótí, wọ́n wọn ẹnu kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sára ilé tẹmọsítáàtì àti àgbá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Tí tọ́nà tí ẹ gbé iṣẹ́ lọ bá kàn fi ojú wò ó, tó ní “ìdajì íǹṣì ni,” ẹ gbé ẹrù yín padà.

Èròjà ńkọ́? Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò ni idẹ ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́ tí wọ́n yọ́ pọ̀. Mo ní rárá. Lóòótọ́, nínú omi odò, idẹ síńkì lásán ì bá tó, torí iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n idẹ tí wọ́n yọ́ láti inú àkìtàn, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Wọ́n ní búùṣì ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ti gé kù, bronze ni, èyí tí wọ́n fi bàbà àti tin pò. Mo san owó lé e, wọ́n fi ṣe é.

Nípù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde rẹwà lójú, kò sì dáa. Àkọ́kọ́, òrùka tó ń di họ́ọ̀sì mú ní ẹnu tó mú ju bó ṣe yẹ lọ, irú ẹ̀ á gé inú họ́ọ̀sì. Èkejì, ihò inú rẹ̀ kéré. Wọ́n fi ara rẹ̀ nípọn kó má bàa kán, wọ́n gbàgbé pé omi ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Mo kó ti àtijọ́ àti ti tuntun pọ̀, mo jẹ́ kí wọ́n fi ìka wò ó. Wọ́n tún un ṣe láìjà. Ẹ̀rọ lathe kò lè gé ẹ́líbò, nípù méjì ni wọ́n fi gáàsì àti idẹ jó pọ̀ ní ìgun. Òun nìkan ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jò.

Kílíìpù kì í ṣe tiwọn, èmi ni mo rà á. Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́líìtì rẹ̀ jẹ́ sitéńlẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n skúrú tó ń fún un jẹ́ irin lásán tí òòfà ń fà, òun ni yóò dípẹtà tí yóò sì já. Ibi tí nípù bá ti gùn tó, mo fi kílíìpù méjì sí i.

Lọ́jọ́ tí a dán an wò, fọ́kanáísà iwájú ṣọ́ọ̀bù ló yá wa ní afẹ́fẹ́. A dí gbogbo ẹnu rẹ̀, a fi fóòmù ọṣẹ ra àwọn ojú ìsopọ̀. Ọmọ fọ́kanáísà fẹ́ fún un bíi táyà, Bàbá pariwo mọ́ ọn: 15 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn táyà) ni ìdérí omi rẹ̀ ń gbà, ohunkóhun tó bá ju ìyẹn lọ lè fa họ́ọ̀sì ya. Ìdérí yẹn náà ṣe pàtàkì o. Lábẹ́ 15 psi, omi kò ní hó títí yóò fi sún mọ́ 120°C, ṣùgbọ́n tí ìdérí kò bá dì, 100°C ló máa hó. Fóòmù rú níbì kan péré, wọ́n tú u, wọ́n tún un dì, ó parí.

Ibi tí wọ́n ti gba òdo lọ́wọ́ mi ni àkókò. “Ẹ wá lọ́jọ́bọ̀.” Ọjọ́bọ̀ dé, irin kò tíì dórí ẹ̀rọ. “Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé.” Ẹja ń wá omi, omi adágún ń fà. Nígbà tó yá, mo rántí pé ọmọ òṣómàáló ni mí, mo gbé àpótí, mo lọ lóṣòó tì wọ́n láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ iṣẹ́ ti parí. Wọ́n tún máa ń gba ìdajì owó ṣáájú, wọn kì í sì í kọ rìsíìtì àfi tí ẹ bá bèèrè. Owó wọn ju ìlọ́po mẹ́ta ti nǹkan púlọ́ńbà lọ.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìgbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́ jù, ni ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ láìjò. Nínú márùn-ún, mo fún wọn ní mẹ́rin. Ohun kan ṣoṣo ló kù lára ẹ́ńjìnnì náà, ẹ́líbò èéfín tí omi ìta ti ń bá èéfín pàdé. Irin dídà ni, ìpẹtà ti ń dí i nínú. Mo gbé e lọ bá wọn pé kí wọ́n gba owó, kí wọ́n bá mi rọ ọ́. Bàbá wò ó, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kọ́, kí n lọ wá a ní Èkó, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.